Àbúrò mi yà fún ewúrẹ́, ó wá lọ gbá ọlọ́kadà: ta ló jẹ gbèsè?

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́ kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá gùn, mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Sátidé. Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀lé mi, ọmọ ọdún 27, ló ń wa Corolla rẹ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà àtijọ́ yẹn ló gbà. Ó ti kọjá Ọ̀yọ́, ó ti wọ abúlé kan tí ilé wà lọ́tùn-ún lósì títì, ni ewúrẹ́ kan bá já láti ẹ̀yìn ìsọ̀ kan, ó bọ́ sójú ọ̀nà gbàrà. Ó ní òun ò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun fa sítíárìn sósì. Ọlọ́kadà kan sì ń bọ̀ níwájú, ó gbé ìyá kan tó ń tọjà bọ̀. Ó gbá wọn. Ọlọ́kadà yẹn kán nítan, ìyá yẹn forí gbálẹ̀, wọ́n rán an, àmọ́ ó ti ń sọ̀rọ̀, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ yẹn ò fara pa rárá, ó sá lọ, kò sì sẹ́ni tó jáde wá sọ pé òun lòun ni ín.

Ọkọ̀ ṣì wà ní téṣàn. Wọ́n ti fi àbúrò mi sílẹ̀ ní béèlì. Ẹbí ọlọ́kadà ní àwọn ń retí owó hòsípítù àti owó ọ̀kadà tó bàjẹ́. Bàbá wa ní a ò ní san kọ́bọ̀, pé ewúrẹ́ ló fà á, kí wọ́n lọ wá ẹni tó lẹ́ran. Ìyá wa ní ká san. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, lójú òfin, ta ló jẹ gbèsè yìí? Tá a bá sì gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní ti ọmọlúàbí ńkọ́?

Ọlọ́kọ̀_Ìgbà_Pípẹ́ kọ:

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á wo àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì sàn. Mo wa bọ́ọ̀sì elérò láàárín Ìbàdàn sí Ìlọrin fún ọdún 22, ọ̀nà tí àbúrò rẹ gbà yẹn ni mo fi jẹun tí mo fi tọ́mọ. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi nígbà tí mo ṣì ń ṣe kọ̀ńdọ́ ni pé a kì í yà fún ẹran kékeré. Tẹ búrékì, fọn fèrè, di sítíárìn mú gírígírí, jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ tààrà lọ́nà tìẹ. Bí ewúrẹ́ bá ráyè á sá, bí ò bá ráyè á kú, ṣùgbọ́n àwọn èrò tó jókòó sẹ́yìn rẹ á délé. Kì í ṣe pé a kórìíra ẹran o. Ọkọ̀ tó ń sáré tó o bá fà á lójijì, kì í sí níkàáwọ́ rẹ mọ́, ó lè gba ọ̀nà ọlọ́nà, ó lè wọ kòtò, ó lè tàkìtì.

Ti màlúù tún yàtọ̀. Màlúù ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni iwájú ọkọ̀ máa gbá, gbogbo ara rẹ̀ á wá wó lu gíláàsì, á bá ẹ nínú ọkọ̀ níbi tó o jókòó sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí mo bá ti rí màlúù kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mo ti mọ̀ pé àwọn tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo ti ń dín eré kù kí n tó débẹ̀. Ewúrẹ́ náà bẹ́ẹ̀, bí ìyá bá kọjá, ọmọ á tẹ̀ lé e. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ máa ń sọ pé ajá ní tirẹ̀ oúnjẹ Ògún ni, pé kéèyàn má tiẹ̀ wò ó. Èmi ò fara mọ́ kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa ajá alájá, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ti wá, wọn ò fẹ́ kọ́wọ́ awakọ̀ gbọ̀n ni.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé eré wo ló ń sá?

Dàmọ́lá90 kọ:

Èmi ò rí ohun tá à ń jiyàn lé lórí níbí. Ewúrẹ́ ló yà fún, èèyàn ló wá gbá. Ẹ̀mí èèyàn àti ẹ̀mí ewúrẹ́ kì í ṣẹgbẹ́. Ó yẹ kó tẹ ewúrẹ́ yẹn mọ́lẹ̀ kó máa lọ, kó dúró níwájú kó sanwó rẹ̀ fún olówó ẹran.

Ṣadé_Mọ́kọ́lá kọ:

Bùrọ̀dá Dàmọ́lá, ẹ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó jókòó, ó gbé ewúrẹ́ àti èèyàn sórí ìwọ̀n, ó wá mú ewúrẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti wà nínú irú ẹ̀ rí, ológbò ni tèmi, ọ̀nà Mọ́níyà. Kí n tó mọ̀ pé ológbò ni, ọwọ́ mi ti fà á. Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré ló jáde síbẹ̀ ńkọ́, ẹ̀yin náà ò bá ní ó ṣeun tó yà. Ojú ò tíì mọ ohun tó rí, ọwọ́ ti ṣe é. Ìyẹn la fi gbọ́dọ̀ dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ohun tá a mọ̀ nísinsìnyí tá a ti jókòó sílé.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Toronto kọ:

Mo gbọ́rọ̀ Ṣadé, ó sì yẹ ká fi ẹjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà níbí wò ó. Ní June 2010, ní Quebec, nítòsí Montreal, ọ̀dọ́bìnrin kan rí àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Àánú wọn ṣe é. Ó dúró sórí lénì ọwọ́ òsì gan-an, lénì tí wọ́n ti ń sáré jù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ kó wọn. Bàbá kan ń bọ̀ lórí alùpùpù, ọmọ rẹ̀ obìnrin ọlọ́dún 16 wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wọnú ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, àwọn méjèèjì kú. Ìyàwó bàbá yẹn wà lórí alùpùpù tirẹ̀ lẹ́yìn wọn, ojú rẹ̀ ló ṣe.

Ní 2014 àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 90 ni wọ́n fún un, òpin ọ̀sẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń lọ ṣe é, pẹ̀lú iṣẹ́ ìlú wákàtí 240, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún ọdún 10. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọn ò yí ìdálẹ́bi yẹn padà ní 2017. Bẹ́ẹ̀ bàbá tó kú yẹn pàápàá ń sáré ju iye tí òfin gbà láyè lọ, ìyẹn ò yọ ọmọbìnrin náà.

Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ọmọbìnrin yẹn ní àyè láti rò ó. Ó rí ẹyẹ, ó pinnu, ó dúró, ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ti àbúrò Àbẹ̀kẹ́ ò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Àánú ẹran wà nínú méjèèjì àmọ́ wọn ò jọra wọn rárá.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe, àmọ́ ohun tí mo bá kọ síbí ò ní kẹ́ ẹ má wá lọ́yà tiyín, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, torí ìwé ẹjọ́ ò sí níwájú mi.

Ẹjọ́ méjì ló wà ńbẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀. Ọ̀kan ni ti ìjọba, ọ̀kan ni ti owó. Ní ti ìjọba, Criminal Code àpapọ̀, abala 24, sọ pé èèyàn ò jẹ̀bi ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Abala 26 tún sọ nípa pàjáwìrì òjijì, pé tó bá jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni tórí ẹ̀ pé ò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ náà ni, òfin ò ní mú onítọ̀hún. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ tó jọ ọ́, nọ́mbà rẹ̀ lè yàtọ̀. Ibi tí àwọn èèyàn kì í kà dé ni pé abala 24 yẹn fúnra ẹ̀ yọ ìwà àìbìkítà sọ́tọ̀. Abala 343 sì wà fún ẹni tó bá ń wakọ̀ ní ìwàkuwà tó lè ṣe ẹ̀mí èèyàn ní jàǹbá, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà níbẹ̀.

Ní ti owó, ohun tí ilé ẹjọ́ máa béèrè ni pé ṣé ó wakọ̀ bí awakọ̀ tó mọṣẹ́ tó ń ṣọ́ra ṣe máa wà á ní irú ibẹ̀. Adájọ́ kì í fi ọgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀ràn dá ẹjọ́ ẹni tí pàjáwìrì bá, bí Àǹtí Ṣadé ṣe sọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé eré tìẹ ló sọ nǹkan kékeré di pàjáwìrì, ààbò yẹn ò sí fún ẹ mọ́. Nítorí náà ìbéèrè bàbá awakọ̀ yẹn, eré wo ló ń sá, òun gan-an lẹjọ́ yìí.

Ẹni tó lẹ́ran ńkọ́? Ní 1947, nínú ẹjọ́ Searle àti Wallbank, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba sọ pé ẹni tó ní ẹṣin tó já kúrò ní pápá tó sì bọ́ sójú ọ̀nà lóru, tí ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan kọlù, kò jẹ gbèsè kankan, pé kò pọn dandan fún un láti mú ọgbà yí ẹran rẹ̀ ká nítorí títì. Àwọn fúnra wọn fi òfin Animals Act 1971 pa ìlànà yẹn rẹ́ ní England, ṣùgbọ́n òfin 1971 yẹn kì í ṣòfin tiwa, nítorí náà lọ́yà olówó ẹran níbí ṣì lè gbé Searle síwájú adájọ́. Ti màlúù ti ń yí padà, Ekiti ṣe òfin ìdaran ní 2016, lẹ́yìn tí àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba lórí ọ̀rọ̀ ìdaran ní May 2021, Ondo àti Èkó ṣe tiwọn lọ́dún yẹn náà. Ewúrẹ́ inú abúlé, tí a ò tiẹ̀ mọ olówó rẹ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún yín, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ pè é lẹ́jọ́, owó lọ́yà á ju owó ewúrẹ́ lọ.

Ìyá_Ẹlẹ́ran kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí. Ewúrẹ́ 11 ni mo ní, ilé wa sì wà létí títì. Ilé ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó la títì fẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Lọ́dún tó kọjá onímọ́tò kan pa abo kan fún mi, kò dúró, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ti pa ewúrẹ́, àwa ará abúlé á ní ó lóyún ká lè gba owó ìyá gba tọmọ. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Tèmi yẹn lóyún lóòótọ́, ọmọ méjì la bá nínú rẹ̀ nígbà tá a kun ún.

Tí àgbàdo bá ti ń yọ lóko, baálẹ̀ á ní ká so ẹran, ẹni tí ẹran rẹ̀ bá jẹ oko olóko á sanwó. A ń so wọ́n. Tí wọ́n bá kórè tán a ó tú wọn sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀ mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní ká so wọ́n nítorí mọ́tò, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló wà nínú mọ́tò, àgbàdo lásán ló wà lóko. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí ọmọ mi ti ka ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Tó bá jẹ́ ẹran mi ló bọ́ sójú ọ̀nà tí ọmọ ọlọ́mọ fi kán nítan, mi ò lówó tí mo máa san, àmọ́ mi ò ní sá pamọ́ sínú ilé.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́ kọ:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ẹ ṣé, mà. Bàbá wa awakọ̀, mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yín, ó sì ń ni mí lára láti kọ ọ́.

Ó sọ fún ọlọ́pàá pé 60 kílómítà ní wákàtí lòun wà, ohun tó sì kọ sílẹ̀ ní téṣàn nìyẹn. Alẹ́ àná ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó síwájú wá sọ fún ìyá wa pé àwọn wà lórí 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀, torí àwọn ti pẹ́, ìyàwó ti wọlé níbi ìgbéyàwó tí àwọn ń lọ, wọ́n ti ń fi fóònù pè wọ́n. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ mo tún bi í. Ó dákẹ́. Ó wá bú sẹ́kún. Mi ò tíì sọ fún bàbá wa.

Táyé_Peckham kọ:

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí 100 yẹn jẹ́ torí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n. Ìwé òfin ojú pópó tá a fi ń kọ́ ọkọ̀ níbí ní Ìlú Ọba, Highway Code, sọ ibi tí ọkọ̀ máa dé kó tó dúró pátápátá. Tó o bá wà lórí 30 máìlì ní wákàtí, ìyẹn bíi 48 kílómítà, mítà 23 ló máa gbà. Tó bá jẹ́ 60 máìlì, ìyẹn bíi 97 kílómítà, mítà 73 ni. Ẹ ò rí i pé eré yẹn di ìlọ́po méjì, àmọ́ ibi tí ọkọ̀ máa rìn dé ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, sì ti sọ fún wa nílé pé 50 kílómítà ni kí ọkọ̀ máa rìn láàárín ibi tí ilé wà. Lórí 50 ewúrẹ́ yẹn á ti kọjá, ó sì lè má tiẹ̀ kan sítíárìn rárá.

Ohun kan tún wà níbí tí mo fẹ́ràn. Tó o bá fi ọkọ̀ gbá ẹṣin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìbaaka, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ tàbí ajá, òfin ojú pópó 1988 ní dandan ni kó o dúró, kó o fi orúkọ sílẹ̀, tó ò bá rẹ́ni gbà á kó o lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ológbò ò sí nínú ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ran, ẹni tó pa ewúrẹ́ yín tí ò dúró yẹn, níbí ọ̀daràn ni.

Dàmọ́lá90 kọ:

100 láàárín abúlé. Ó tán o. Ẹ má dárúkọ ewúrẹ́ mọ́.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀_Maryland kọ:

Àgbọ̀nrín ni tiwa níbí ní Amẹ́ríkà, pàápàá oṣù October sí December tí akọ ń lé abo. Tíṣà tó kọ́ mi lọ́kọ̀ ò fi ṣeré, ó ní tẹ búrékì, má kúrò ní lénì rẹ. Inṣọ́ránsì wọn pàápàá yà á sọ́tọ̀. Tó o bá gbá àgbọ̀nrín, abẹ́ comprehensive, ìyẹn apá tó wà fún jàǹbá tí kì í ṣe ìkọlù ọkọ̀, ló máa wà, wọn kì í sábà dá ẹ lẹ́bi. Tó o bá yà fún un tó o wá lọ gbá igi tàbí ọkọ̀ ẹlòmíì, ó ti di collision, ìyẹn ìkọlù, wọ́n sì lè ní ìwọ lo fà á. Àgbọ̀nrín tó ti sá wọgbó, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jẹ́rìí sí i, àfi tó o bá ní kámẹ́rà nínú ọkọ̀.

Fúnmi_Inṣọ́ránsì kọ:

Àbẹ̀kẹ́ mi, ibi inṣọ́ránsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ o, kí bàbá àti ìyá tó máa bára wọn jà. Third party tí òfin ní dandan ni kí gbogbo ọkọ̀ ní, torí irú èyí gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Láti January 2023, ₦15,000 ni ti ọkọ̀ aládàáni. Ó ń bójú tó ẹni tí ọkọ̀ rẹ bá ṣe léṣe tàbí tó bá kú, ó sì ń san owó ohun ìní tí ọkọ̀ rẹ bá bàjẹ́ títí dé mílíọ̀nù 3. Ọ̀kadà yẹn ò lè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yàwòrán gbogbo rẹ̀, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, ẹ má tíì tún ọkọ̀ ṣe, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì lónìí, ẹ má dúró dọ̀la.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi nọ́mbà ọkọ̀ wò ó lórí askniid, ìkànnì tí wọ́n fi ń yẹ inṣọ́ránsì ọkọ̀ wò, bóyá ìwé yẹn wà lóòótọ́. Ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ fúnni lábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì láìsí lórí kọ̀ǹpútà, bébà lásán ni. Nígbà tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò ní February 2025 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ò ní inṣọ́ránsì látọjọ́ yìí wá.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́ kọ:

Àǹtí Fúnmi, mo ti wò ó. Kò sí ńbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ẹnì kan ló bá òun ṣe gbogbo pátíkúlà ọkọ̀ pọ̀, pé òun sanwó, òun ò ka ohun tó wà nínú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Bísí kọ:

Yéè. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí lẹ́yìn iṣẹ́ mi. Tí hòsípítù bá ní àwọn ò ní fọwọ́ kan ọlọ́kadà yẹn tàbí ìyá yẹn títí owó á fi wọlé, National Health Act 2014, abala 20, ní kò sí hòsípítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ló wà ńbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi irin sí itan yẹn, tí wọn ò bá tíì ṣe é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun lórí ọ̀rọ̀ owó láìjẹ́ pé wọ́n ya X-ray wò.

Ọmọ_Adó kọ:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ mi ò lè pa á mọ́ra.

Àǹtí mi kékeré, àbúrò ìyá mi gan-an, ó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Màlúù rọ́ jáde látinú igbó. Awakọ̀ yà fún wọn, bọ́ọ̀sì tàkìtì wọnú igbó lódìkejì. Àǹtí mi ò délé láàyè. Òun ló rà mí ní yúnífọ́ọ̀mù ìwé mẹ́wàá, òun ló san JAMB mi. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí téṣàn, ó lọ ó bọ̀, wọ́n ní màlúù ni, èèṣì ni, kò sì lọ ibì kankan mọ́. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá ó wakọ̀ dáadáa. Mi ò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé awakọ̀ yẹn wá síbi ìsìnkú, ó dúró lábẹ́ tẹ́ǹtì, gbogbo ẹni tó bá ti kí i ló ń sọ fún pé màlúù ni o, màlúù ni. Ó sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó sọ ọ́ fún ọmọ tí àǹtí mi fi sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò sọ fún ẹnì kankan nínú wa pé ẹ pẹ̀lẹ́. Màlúù ò lè wá bẹ̀ mí, màlúù ò mọ orúkọ àǹtí mi. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ tó lẹ́nu, òun ló di sítíárìn mú. Ká ní ó wá jókòó tì wá, ká ní ó ní ọwọ́ mi ló ṣẹlẹ̀ sí, mi ò bá ti sọ̀rọ̀ yìí nù lọ́kàn mi látọjọ́ pípẹ́. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá yín lọ sọ fún ẹbí yẹn pé ewúrẹ́ ni.

Ṣadé_Mọ́kọ́lá kọ:

Omi bọ́ lójú mi. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọmọ Adó. Ọlọ́run á dá ọmọ yẹn sí fún yín.

Lọ́yà, mo ní ìbéèrè kan. Tí wọ́n bá lọ kí wọn ní hòsípítù tí wọ́n bẹ̀ wọ́n, ṣé wọn ò ní mú un lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n ti gbà pé àwọn jẹ̀bi? Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù nìyẹn.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta kọ:

Kéèyàn lọ wo aláìsàn, kó bá a kẹ́dùn, kó san owó oògùn, kò sí adájọ́ tó máa sọ pé ìyẹn nìkan ni ìjẹ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi owó sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí bébà pé ìrànlọ́wọ́ ni, pé kò tíì parí ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá wá fẹ́ yanjú ẹ̀ nítùbí-ìnùbí, ẹ kọ àdéhùn tó péye. Ẹ sì mọ̀ pé àdéhùn yẹn ò lè pa ẹjọ́ ìjọba, ọwọ́ ọlọ́pàá nìyẹn wà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni 60 tó kọ sílẹ̀ yẹn. Kí òun àti lọ́yà padà lọ síbẹ̀, kó kọ stéétímẹ́ǹtì mìíràn, kó sọ òótọ́. VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, máa yẹ búrékì wò, wọ́n á wọn àmì táyà lójú títì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Tí irọ́ bá jáde lẹ́nu ẹlòmíì, àní bí pàjáwìrì yẹn bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ mọ́.

Alfa_Ìsẹ́yìn kọ:

Salaam. Ní kúkúrú ni mo fẹ́ sọ ọ́. Nínú Sura An-Nisa, ẹsẹ 92, ẹni tó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́, Ọlọ́run ò pè é ní apànìyàn, síbẹ̀ Ó ní kó san owó ẹ̀mí fún ẹbí ẹni tó kú àfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, kó tún tú ẹrú kan sílẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí ìyẹn ṣe á gba ààwẹ̀ oṣù méjì tẹ̀ léra. Èèṣì mú ẹ̀ṣẹ̀ ìmọ̀ọ́mọ̀ kúrò, kò mú gbèsè kúrò. Ẹ dúpẹ́ pé wọ́n wà láàyè.

Ìyá_Ẹlẹ́ran kọ:

Nínú Bíbélì tiwa náà ó wà, Ẹ́kísódù orí 21. Màlúù tó bá kan èèyàn pa, olówó rẹ̀ bọ́ níbẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ tí kò so ó, ọ̀rọ̀ dé bá a. Mo ti sọ fún ọmọ mi kó ra okùn wá lọ́jà.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́ kọ:

Ẹ kú ìdúró. Mo ka ohun tí Ọmọ Adó kọ fún bàbá wa lórí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mo wá sọ ti 100 àti ti inṣọ́ránsì fún un pọ̀. Kò pariwo. Ó dìde, ó wọlé lọ sùn. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ó ti wọṣọ, ó dé fìlà, ó ní kí àbúrò mi jáde, ká lọ sí hòsípítù.

Bàbá wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ mi ló sáré, mo wá bẹ̀ yín. Ìyàwó ọlọ́kadà yẹn kàn ń wò wá. Oyún rẹ̀ á ti tó oṣù méje. Ọlọ́kadà yẹn, wọ́n ti fi irin sí itan rẹ̀, ó dojú kọ ògiri, nígbà tó yá ó yíjú padà, ó wá sọ nǹkan kan fún àbúrò mi tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní èmi ti rí ewúrẹ́ yẹn ṣáájú rẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ìsọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ sí, mo ti ń dúró fún un kó kọjá.

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò lè dìde.

A ti san ti iṣẹ́ abẹ, a kọ ọ́ sílẹ̀ bí lọ́yà ṣe wí. Ìyá oníṣòwò yẹn ti lọ sílé, ó ní orí ṣì ń fọ́ òun, a máa mú un lọ ya orí lọ́la. Tí wọ́n bá yọ̀ǹda Corolla yẹn, bàbá wa ní ká tà á, torí ọkùnrin yẹn ò ní lè gun ọ̀kadà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ilé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Àbúrò mi àti lọ́yà kan tí ọ̀rẹ́ mi bá mi wá ń lọ sí téṣàn láàárọ̀ ọ̀la láti kọ stéétímẹ́ǹtì tuntun. Ẹ̀rù ń bà á, ó ń ba èmi náà. VIO ní Ọjọ́bọ̀ ni àwọn máa wá wo búrékì. Mo máa padà wá sọ ibi tó bá já sí fún yín.